Ọ̀jọ̀gbọ́n Orí Bẹ́ńṣì

Kò sí ìsọ̀ lọ́tò Baba Ìjẹ̀bú kan ní Muṣin tàbí Agége tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀. Orí bẹ́ńṣì lẹ máa bá a, awò ojú ti sọ̀ dé imú, bírò pupa wà létí, ìwé èsì tó ti gbó wà lórí itan. "Prof" làwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, òun náà sì ti gbà pé oyè ni.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, èèyàn tó fẹ́ràn àkọsílẹ̀ ni. Èsì lọ́tò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà tí kò jáde ló máa ń dùn ún. "Ẹ wo 53 yìí, ó ti ń sá láti ọjọ́ yìí. Gbèsè ló jẹ, ó máa san án lónìí." Ó fi 53 ṣe bánkà, ó fi 17 gbè é, two sure délẹ̀. Bí 52 ló bá jáde, Prof ò jẹ̀bi: "Ilẹ̀kùn la kàn, ilé ẹnìkejì ló ṣí!"

Bọ́ọ̀lù 90 ló wà nínú ẹ̀rọ, 5 ni wọ́n ń mú. Bí 53 bá jáde lánàá, ẹ̀ẹ̀kan nínú 18 ni àǹfààní rẹ̀ lónìí. Bó bá ti sá fún ọdún kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú 18 náà ni. Bọ́ọ̀lù kì í ka ìwé Prof. Two sure, kí nọ́ńbà méjèèjì jọ jáde, ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400, ìlọ́po 240 sì ni wọ́n ń san. Prof kì í fi bírò pupa kan ibi tí ìyókù ń lọ.

Òun fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ta. Two sure ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fún èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi jẹ, onítọ̀hún á sì wá fún un lówó paraga. Àwọn tó kù? Wọn ò gbọ́ ìtọ́ni dáadáa ni.

Ọmọ kan tó kàwé sọ ìtàn Ítálì fún un, níbi tí wọ́n ti ń mú 5 nínú 90 bíi tiwa. Láti ọdún 2003 ni 53 ti kọ̀, kò jáde nínú lọ́tò ti ìlú Venice. Owó tí wọ́n fi lé e kiri lé ní bílíọ̀nù 3 Euro; àwọn kan run owó ìdílé, àwọn mìíràn gbẹ̀mí ara wọn. Ó di oṣù Èrèlé 2005, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú bọ́ọ̀lù ní ìgbà 182, kó tó yọjú.

Prof mirí. "Ó jáde àbí kò jáde?"

"Ó jáde, sà."

"Ẹ̀hẹ́n! Ṣé ẹ rí i pé ó san án?" Ó ti yọ bírò létí. "Àwọn 4 wo ló bá a jáde?"