Ààrẹ Olùdásílẹ̀

Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Oyè tó wà lórí káàdì rẹ̀ ju iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: Ààrẹ, Olùdásílẹ̀, Aṣojú Àlàáfíà. Ìwé CAC ń bẹ lára ògiri, ìwé SCUML, àwọn tó ń gbógun ti fífọ owó àìmọ́, ń bẹ nínú fáìlì. Àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ ni ìyàwó rẹ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀, àti pásítọ̀ kan tó ti gbàgbé pé òun fọwọ́ síwèé.

Ohun tí olówó bá fẹ́ fowó sí ni ẹgbẹ́ Ààrẹ ti ń ṣe tipẹ́. Bí wọ́n bá ní ibà ni, àtikékeré ló ti ń bá ẹ̀fọn jà. Bó bá di ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́, igi ló ń gbìn. Àfojúsùn 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lé lórí ní 2015, pé kọ́wọ́ ayé tẹ̀ ẹ́ títí ọdún 2030, gbogbo rẹ̀ ni Ààrẹ fàmì sí, nínú ọ́fíìsì oníyàrá kan n'Íbàdàn.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ owó lọ́wọ́ olówó ní: kí lẹ ti ṣe sẹ́yìn? Ààrẹ kọ bí wọn yóò ṣe lé òṣì kúrò ní Áfíríkà. Èèyàn mélòó ló jàǹfààní? “Ẹgbẹẹgbẹ̀rún.” Ìwé ìnáwó tí ọ́dítọ̀ fọwọ́ sí ńkọ́? Ó fi fọ́tò ibi tó ti ń fún kọmíṣọ́nnà ní àmì ẹ̀yẹ ránṣẹ́. Nínú ètò ìnáwó, jíípù ló ṣíwájú, torí abúlé jìnnà. Àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn tọrọ owó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ “oríṣiríṣi”.

Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ kan. Ní gbogbo Sátidé, akọ̀wé wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń kọ́ àwọn ọmọ aláta ní ìwé kíkà lẹ́yìn ọjà Bódìjà. Ó ní rẹ́jísítà. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ tó wá, ibi tó kàwé dé, kò sí èyí tí kò kọ síbẹ̀. Ohun tí olówó ń wá gan-an nìyẹn: iṣẹ́ tí wọ́n lè kà, tí wọ́n lè lọ fojú rí, tí wọ́n lè bi aládùúgbò léèrè.

Akọ̀wé bi í pé: “Ààrẹ, ẹ ò ní fi tàwọn ọmọ yìí sínú fọ́ọ̀mù?”

“Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́. Òyìnbó ò ka nǹkan kékeré sí.”

Nígbà tí wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà, Ààrẹ mọ ẹni tó fà á: àwọn ará Àbújá ti pín owó náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Láti 2025 tí Amẹ́ríkà ti ti USAID, àjọ ìrànwọ́ wọn, pa, ó tún ti fi ọ̀kan kún àwíjàre rẹ̀. Ó ti wá pèpàdé pàjáwìrì. Ó ní iṣẹ́ àwọn ò kéré, orúkọ àwọn ló kéré. Kọ́dún tó parí, wọn yóò fi “Àgbáyé” kún un.