Bọ̀dá Bùsíi

Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹ̀ka ìṣirò tí kò ní tirẹ̀. Òun ló máa ń gbé kọ̀ǹpútà lé itan, táá ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun. Àwòrán ló ń yà: ìlà tó so gbogbo ibi tí iye wọn bá dọ́gba pọ̀, irú èyí tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń fi gíga òkè Ìdànrè hàn lórí máàpù.

Kọ̀ǹpútà kì í rí òkè o. Ebè ló ń kọ bí àgbẹ̀: àwọn ojú àmì tí yóò ti wọn iye. Á wọn gíga orí ebè kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ga ju ìwọ̀n tí a fẹ́, tí èyí tó tẹ̀lé e kò tó o, á gbà pé àárín wọn ni ìlà gbà kọjá. Bí ebè bá jìnnà síra, ìlà tó yẹ kó rí róbótó á yọ igun bíi páálí tí ọmọdé fi ọ̀bẹ kújú gé. Nítorí náà, Bọ̀dá kò jẹ̀bi pé ó ń fi ebè kún ebè. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé kò ní oògùn mìíràn. Orí ń fọ́: bù sí i. Inú ń run: bù sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fẹ́ ya ibi tí (x² + y² − 1)² ti jẹ́ òdo. Ó kọ ebè 50 ní ìbú, 50 ní òró. Ojú àwòrán funfun báláú. Ó bù ú dé 500. Òfìfo. Ó bù ú dé 5,000, ebè mílíọ̀nù 25 nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, fáànù kọ̀ǹpútà ń ké, Bọ̀dá ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu òógùn. Gbogbo ìgbà tó bá ní kí kọ̀ǹpútà yà á ni Python, èdè tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ń kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ìwọ̀n tó ń wá kò sí nínú iye tó kó wá. Á pa ìkìlọ̀ náà rẹ́. Ta ní ń ka ìkìlọ̀?

Àbúrò kan yọjú láti ẹ̀yìn.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iye yìí máa ń wọ abẹ́ òdo?"

"Lọ ra píọ̀ wọ́tà wá."

Ó ra á dé, kò bá Bọ̀dá níjokòó. Ló bá rọra pa 2 kékeré tó wà lẹ́yìn àkámọ́ rẹ́. Bí a bá fi nọ́ńbà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, èsì rẹ̀ kì í wọ abẹ́ òdo. Ebè ìsàlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wá kò sí lóko rárá. Ó dá ebè padà sí 50. Ìlà yọ, ó rí róbótó bí ẹnu ìkòkò.

Bọ̀dá wọlé, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ sùúrù òun. Òun ti fẹ́ bù ú dé 6,000.

Ebè mílíọ̀nù 36 nìyẹn. Òfìfo náà ni ì bá hù.