Máa-wí-ó-ń-yé-mi: Atọ́kùn Oníwákàtí Mẹ́ta

Atọ́kùn podcast ọlọ́rọ̀-gígùn ni ẹni tí ó máa ń pe àlejò kan jókòó sídìí gbohùngbohùn, tí yóò bá a sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, tí yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tí ó bá wù lè gbọ́ ọ nígbà tí ó bá wù ú. Amẹ́ríkà ni irú ẹ̀dá yìí ti gbilẹ̀ jù, ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí aláwàdà Joe Rogan, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, kó lọ ní 2020, sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di olú-ìlú wọn. Bí a bá ní kí á sọ ẹ̀dá náà lórúkọ gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀, Máa-wí-ó-ń-yé-mi ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń yé e.

Kì í ṣòro dá mọ̀. Yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, aṣọ ìkélé dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lè wọ ẹ̀wù péńpé tí ó fún mọ́ ọn láyà, tàbí kí ó wọ kóòtù dúdú pẹ̀lú táì dúdú bí ẹni tí ń ti ibi òkú bọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kì í kúrú. Yóò kọ́kọ́ júbà pé òun kò mọ nǹkan kan, yóò ròyìn ìwé kan tí ó kà ní kékeré, yóò so ìbéèrè mẹ́ta pọ̀, yóò dáhùn méjì nínú wọn, yóò wá fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún àlejò, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́: kí ni ìfẹ́? Ì báà jẹ́ ọ̀gágun, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa èèrà, kò sí ẹni tí yóò dìde lórí àga náà láìsọ ohun tí ó rò pé Ọlọ́run torí rẹ̀ dá ènìyàn. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ pàápàá tó wò. Nígbà tí Lex Fridman, tí ó fi ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nípa kọ̀ǹpútà tí ń ronú bí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní 2018, fẹ́ fọ̀rọ̀ wá Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, lẹ́nu wò ní ọdún 2025, ó sọ fún un pé òun ti gba ààwẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 45, pé omi nìkan ni òun ń mu, kí òun lè bọ̀wọ̀ fún ìjíròrò náà. Bóyá ó kàwé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ni ó ròyìn.

Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò ya wèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí tẹlifíṣàn fún ní ìṣẹ́jú kan péré láti ṣàlàyé iṣẹ́ ogún ọdún máa ń rí àyè tú ọ̀rọ̀ láti gbòǹgbò níwájú rẹ̀, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn àti ẹni tí ń ṣọ́lé lóru sì ń rí ohùn tí yóò bá wọn mójú. Àwọn onímọ̀ méjì, Donald Horton àti R. Richard Wohl, ti ṣàpèjúwe irú àjọṣe yìí ní 1956, nígbà tí tẹlifíṣàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ní Amẹ́ríkà: ìbádọ́rẹ̀ẹ́ alápá-kan ni, níbi tí olùgbọ́ ti mọ atọ́kùn bí ẹni mọ owó, tí atọ́kùn kò sì mọ̀ pé ó wà láyé. Orí ìbádọ́rẹ̀ẹ́ yìí ni owó ti ń wọlé, nítorí pé atọ́kùn fúnra rẹ̀ ni ó ń ka ìpolówó ọjà, ohùn tí ó fi béèrè nípa ikú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ni ó sì fi ń yin tìmùtìmù àti ẹ̀tù aṣaralóore.

Ohun tí ó sọ ọ́ di ààyò yìí náà ni ó sọ ọ́ di ẹni ìbínú. Àlejò mọ̀ pé wọn kò ní há òun mọ́ igun, Máa-wí-ó-ń-yé-mi náà sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù, pé olóṣèlú tí òun bá kẹ́ lónìí ni yóò júwe òun fún olóṣèlú ọ̀la. Ní 1997, Jeremy Paxman ti ilé iṣẹ́ BBC bi Michael Howard, tí ó ti jẹ́ mínísítà, ní ìbéèrè kan náà ní nǹkan bí ìgbà 12 nítorí pé kò dáhùn. Ní ti Máa-wí, bí àlejò bá yẹ ìbéèrè sílẹ̀, yóò ní ìyẹn mà jinlẹ̀ o, yóò sì bọ́ sórí òmíràn. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ a máa sọ pé kò sí ẹni tí ó lè díbọ́n fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Olóṣèlú tí ó ti fi ogójì ọdún díbọ́n yóò rẹ́rìn-ín sí èyí. Kì í sì í ṣe gígùn ni ẹ̀ṣẹ̀: wákàtí tí atọ́kùn tẹlifíṣàn David Frost fi gba ohùn Richard Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, sílẹ̀ ní 1977 ju 28 lọ, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí rẹ̀ ti tú ìwé ẹjọ́ Watergate, ìyẹn ọ̀ràn tí ó lé Nixon kúrò nípò ààrẹ, yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ kí wọ́n tó jókòó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn gidi ni ìgbà tí wọ́n bá ní kí ó jíhìn. Bí ètò rẹ̀ bá dùn, òun ni akọ̀ròyìn tí àwọn akọ̀ròyìn ń jowú. Bí ó bá korò, ọmọ ènìyàn lásán tí ń tàkúrọ̀sọ ni. Ní oṣù Kẹrin 2021, Rogan sọ pé ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le kò nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà. Nígbà tí ariwo sọ, ó ní òun kì í ṣe dókítà, àti pé òun kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí á ti gba ìmọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀, nítorí pé ní oṣù Kìíní 2022 ni olórin Neil Young, nítorí irú ọ̀rọ̀ àjẹsára bẹ́ẹ̀, kó orin rẹ̀ kúrò lórí Spotify tí ń gbé ètò Rogan jáde. Ẹni tí kò yẹ kí á ti gba ìmọ̀ràn yìí náà ni Donald Trump lọ bá ní Austin ní oṣù Kẹwàá 2024, tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta sọ̀rọ̀ nígbà tí ìdìbò ààrẹ tí Trump ń dù kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì bá a wí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò béèrè bóyá onítọ̀hún gbọ́ gbogbo wákàtí mẹ́ta náà. Kò gbọ́ ọ. Fídíò oníṣẹ́jú kan ni ó wò, èyí tí ó mú inú bí i jù lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ Máa-wí-ó-ń-yé-mi fi ọwọ́ ara wọn gé jáde kí ó lè mú inú bí i, tí wọ́n sì fi ìpolówó tìmùtìmù sí ìdí rẹ̀.