Ọmọ Tí Mo Kọ Sílẹ̀ Pé Ó Ti Sá Kúrò Níléèwé

Nígbà tí ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí ní àwọn kò ní máa gbé ọmọ sókè láìwo èsì ìdánwò mọ́ nílé-ìwé girama ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2016, èmi tíṣà kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ yan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Láti ìdí ọkọ̀ ní Takie títí dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, kò sẹ́ni tí mi ò wàásù fún: ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó tún kíláàsì kà!

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi wà lára àwọn tó fìdí rẹmi ní JSS 2 nílé-ìwé wa. Ìyá rẹ̀ sunkún débi pé ẹnu ìwàásù mi wọhò. Mo rọra mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé aládàáni kan. Wọn ò bèèrè káàdì èsì, owó ni wọ́n bèèrè. Ó di ọmọ JSS 3 níbẹ̀.

Kò pẹ́, fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ilé-ìwé dé. Pírínsípà gbé e fún mi, nítorí ọwọ́ mi dùn ún kà. Mélòó ló gòkè? Mélòó ló ń tún kà? Mélòó ló fi ilé-ìwé sílẹ̀? Ẹni tí mi ò bá ti rí nínú rẹ́jísítà tuntun, "ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀" ni mo ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ilé ni mo ti ń kọ ọ́ lóru, ọmọ yìí ló ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó bẹjú wo ìwé náà.

"Bọ̀dá, ẹ kọ ọ́ pé mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ṣé kí n má lọ lọ́la ni?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìdá àwọn tó ń tún kíláàsì kà láti inú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ nìyí: iye ọmọ tó ń tún kíláàsì kan kà lọ́dún yìí ni wọ́n ń fi wé gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì yẹn lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ọmọ tí a dá dúró bá lọ gòkè níbòmíràn, iye àwọn tó ń tún kà yóò dín kù, iye àwọn tó sá yóò sì pọ̀ sí i. Irọ́ ni méjèèjì. Orí irọ́ yìí ni ìjọba yóò dúró sọ bóyá òfin rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Kí wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí yóò máa bá a kiri ilé-ìwé, kí ilé-ìwé kankan má sì gba ọmọ láìrí èsì rẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó kọ ọ́ pé ọmọ sá, ẹ kọ́kọ́ wo inú ilé yín.