Bàbá Kòtéṣọ̀n-Mẹ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀gá tó ń bá ìjọba ìbílẹ̀ rajà mọ̀, kó má wulẹ̀ wo mọ́tò rẹ̀. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn kì í gbé mọ́tò gidi wọ ọgbà káńsù. Tábìlì rẹ̀ ni kó wò. Lórí tábìlì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìwé ìròyìn àná, ike omi àti awo mọ́ínmọ́ín tí wọn ò tíì gbé kúrò lẹ ó bá níbẹ̀. Tirẹ̀ mọ́ tónítóní. Fáìlì tò lẹ́sẹẹsẹ, òǹtẹ̀ mẹ́rin wà lọ́wọ́ ọ̀tún, báírò búlúù wà fún òun fúnra rẹ̀, pupa wà fún ọ̀gá àgbà, aláwọ̀ ewé sì wà nínú dúróọ̀. Ọ́díìtọ̀ ló ń fi báírò aláwọ̀ ewé kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ́díìtọ̀ máa ń gbàgbé tirẹ̀ sílé, ni Bàbá wa yìí bá ń bá a tọ́jú ọ̀kan.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Bàbá Kòtéṣọ̀n-Mẹ́ta, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Bí àga ṣẹ́, bí ìwé tán, bí ìyá agbálẹ̀ ní ìgbálẹ̀ òun ti gbó, èsì kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ mú kòtéṣọ̀n mẹ́ta wá." Ìyẹn ni pé kí oníṣòwò mẹ́ta kọ iye tí wọ́n máa tà á wá. Ó ní òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, òun ò sì lè torí ìgbálẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.

Kì í ṣe ẹnì kan ni mò ń bá wí o. Ìbàdàn nìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ 11. Àárín ìgboro ní márùn-ún nínú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti pín in ní 1991. Ìlú kan ṣoṣo, ọ̀gá arajà mọ́kànlá. Bí gbogbo wọn bá fẹ́ ra ìwé A4 lọ́jọ́ kan náà, kò sí ẹni tó máa pè wọ́n jọ pé ẹ jẹ́ ká rà á pọ̀ kí wọ́n lè bá wa dín owó rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká yẹ kòtéṣọ̀n mẹ́ta wò nínú fáìlì kan, ti jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn kékeré kan. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló kọ̀wé. Ọ̀kan ní òun wà ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kan ní Challenge, ọ̀kan ní Ìwó Road. Ẹyẹ idì ló wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́, ayé róbótó ló wà lórí èkejì, ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn ló wà lórí ẹ̀kẹta. Iye tí ẹnì kìíní dá lé e kéré díẹ̀ sí ti ẹnì kejì, ti ẹnì kejì kéré díẹ̀ sí ti ẹnì kẹta, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kí ìdíje rí. Àfi pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ "genarator". Ilà dúdú tín-ín-rín kan sì fà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní apá òsì ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń fa irú ilà bẹ́ẹ̀ wà ní káńsù, nínú yàrá tó tẹ̀ lé ti Bàbá. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún tóònà rẹ̀. Kòtéṣọ̀n rẹ̀ ni kò tíì pé mẹ́ta.

Bàbá rí ilà náà. Ojú rẹ̀ dá ju tèmi lọ. Ó kọ ọ́ sí etí ìwé pé ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù ló gba iṣẹ́, ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì.

Wọn ò bí ìwà yìí mọ́ ọn. Òfin ló kọ́ ọ. Nígbà tí Ọbásanjọ́ dá ẹ̀ka tó ń yẹ owó iṣẹ́ ìjọba wò sílẹ̀ ní 2001, tí Oby Ezekwesili bẹ̀rẹ̀ sí í dá fáìlì padà títí aráyé fi ń pè é ní Madam Due Process, àyà àwọn ọ̀gá arajà já. Òfin ìrajà ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2007, ti ìpínlẹ̀ Èkó jáde ní 2011, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà ṣe tiwọn. Òfin 2007 ní kí wọ́n polówó iṣẹ́, kí ẹni tó bá lè ṣe é wá díje, kí wọ́n já àpòòwé níṣojú gbogbo wọn. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kó lè yẹra fún ìpolówó máa ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ó kéré tán, kò sí àyè owó ìtanràn, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ràn ìwé kíkà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé àwọn lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Bàbá ní tirẹ̀ ra òfin náà, ó kà á láti páálí dé páálí, ó fi rúlà fa ilà sábẹ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé e fún un ni. Nísinsìnyí, ó di dandan kó kọ́kọ́ bá ọ̀rẹ́ náà dá ilé iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀.

Òun kọ́ ló sì bẹ̀rẹ̀ ilé ayé. Ní 1953 ni Bernard Storey wá wádìí káńsù ìlú Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Nicholson jókòó ti ọ̀rọ̀ káńsù Ìbàdàn, nígbà tí Adégòkè Adélabú jẹ́ alága káńsù náà, àbọ̀ ìwádìí Nicholson sì jáde ní 1956. Ẹ̀sùn rìbá ló gbé àwọn Òyìnbó méjèèjì dé ìdí fáìlì. Bàbá mọ ìtàn náà dáadáa, ó sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tuntun. Ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà ìgbà náà ò mọ ìwé tọ́jú.

Ní ti gígé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kò ṣe é rí. Ẹ wo odi tí wọ́n mọ yí ọjà kan ká. Lójú èmi àti ẹ̀yin, odi kan ni. Nínú fáìlì, odi iwájú ni, odi ẹ̀yìn, odi ọ̀tún, odi òsì, géètì, àti ọ̀dà géètì: iṣẹ́ mẹ́fà, agbaṣẹ́ṣe mẹ́fà, kò sì sí èyí tí owó rẹ̀ dé iye tó yẹ kí wọ́n polówó. Olúkúlùkù ṣe ibi tó kàn án. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sí nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni àwọn ewúrẹ́ ń gbà wọlé títí di òní.

Bí ìyẹn bá sì sú u, òjò wà. Òfin fàyè sílẹ̀ fún pàjáwìrì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa ní oṣù kẹjọ 1980, kò sì lè gbàgbé ti oṣù kẹjọ 2011. Nígbà tí omi bá ń gbé ilé lọ, ta ló máa polówó iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ṣùgbọ́n lójú Bàbá, òjò ọdọọdún ni òjò àìròtẹ́lẹ̀. Láti oṣù kejì ni fáìlì kíkó gọ́tà ti sùn sí dúróọ̀ rẹ̀, níbi tí oòrùn ò ti lè pa á. Ó di oṣù kẹfà, nígbà tí omi bá ti dé orókùn àwọn ọmọ ilé ìwé, kó tó jí. A ó wá gbọ́ pé pàjáwìrì dé, pé kò sí àyè kòtéṣọ̀n, pé agbaṣẹ́ṣe kan ṣoṣo ló lè gba ìlú là. Ọkùnrin náà á sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, bí ẹni pé ó gbọ́ ọ lójú àlá.

Kì í kúkú ṣe pé Bàbá kì í polówó iṣẹ́ rárá. Èyí tó bá tóbi kọjá gígé, á polówó rẹ̀ dáadáa, ọjọ́ tí wọ́n bá sì fẹ́ já àpòòwé ni ọjọ́ ọdún rẹ̀. Agbádá ló ń wọ̀ lọ́jọ́ náà. Àdúrà Mùsùlùmí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ti Kristẹni ni wọ́n fi ń parí. Àpótí onírin wà lórí tábìlì pẹ̀lú àgádágodo méjì, kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ túréṣọ̀. Ó gbé àpòòwé kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo èèyàn rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án, ó kéde iye owó rẹ̀, akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá bi ọmọkùnrin kan tó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ pé ilé iṣẹ́ wo ló ṣojú fún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná." Ó yọ ìwé pélébé kan nínú àpò. "Ti Challenge ni, sà."

Ẹni tó jókòó tì í, tí òun náà wá díje, ta á nípàá lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ má bínú sà. Ti Ìwó Road ni."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí akọ̀wé pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kó sì kọ èyí tó tọ̀nà, nítorí ìwé ìjọba kì í ṣe ohun àṣìkọ.

Ẹ ó ní àwọn oníṣòwò gidi ńkọ́. Ìyá kan tó ń ta ìwé ní Agbeni dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Owó tirẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti àwọn tó ń gbé ìwé wá fún káńsù. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá, ti PenCom nípa owó ìfẹ̀yìntì, ti ITF àti ti NSITF. Ìyá náà wo ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń bá a tajà, ó ní, "Owó ìfẹ̀yìntì ta ni, ọmọ mi? Ti eléyìí?" Síbẹ̀ ó bá akọ̀wé ìwé kan rìn, ó rí gbogbo rẹ̀ kó jọ, ó gbé ọjà lọ. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń lọ, tó ń bọ̀ kó tó rí owó rẹ̀ gbà, ìwé A4 sì ti wọ́n ju iye tó tà á lọ. Kò padà wá mọ́. Ẹni tó lè dúró de owó káńsù ló kù, ẹni tó bá sì lè dúró, á fi owó ìdúró lé owó ọjà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo ní láti gbè sẹ́yìn Bàbá díẹ̀. Òun kọ́ ló ń sanwó, òun kọ́ ló sì ń yan gbogbo ẹni tó ń gba iṣẹ́. Ìwé pélébé máa ń ti ọ̀dọ̀ Alága káńsù wá, orúkọ èèyàn kan á wà lára rẹ̀, wọn á kọ "Pls treat" sábẹ́ rẹ̀. Kò sí òǹtẹ̀, kò sí nọ́ńbà fáìlì. Ẹni tó bá ní kó kọ̀ ọ́, kó wá jókòó sórí àga yẹn ní ọ̀sẹ̀ kan, kó wo bí wọn ò ṣe ní gbé e lọ máa forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa wọ àpò wọn tààrà, láì gba ọwọ́ gómìnà kọjá, inú àwọn ọmọ iṣẹ́ dùn, wọ́n ní nǹkan á yí padà. Bàbá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwọn ti ṣe tán láti ná an tààrà.

Ó máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò jí kọ́bọ̀ rí, n kò sì rí ẹni tó lè já a nírọ́. Ọ́díìtọ̀ wá nípa jẹnẹrétọ̀ ìjọ́sí. Ó bá ìwé tó ní wọ́n ti gbà á sí sítọ́ọ̀, ó bá ìwé tó ní wọ́n ti gbé e fún ilé ìwòsàn, ó bá ìwé tó ní ó bàjẹ́, ó bá kòtéṣọ̀n mẹ́ta fún àtúnṣe rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni kò bá, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tó ṣeé dè mọ́ fáìlì. Ó gba báírò aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ Bàbá, ó kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ pé. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Bàbá ló ṣe alága ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa tí à ń ráhùn gọ́tà náà dìde, a pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni tó bá wá rò pé ọkùnrin yìí ò mọ ọjà rà, kó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Sátidé tó lọ ra páànù sí ilé tó ń kọ́ ní Àkóbọ̀. Ìsọ̀ mẹ́rin ló ti yà kí oòrùn tó mú, kì í sì í ṣe orí ìwé ló ti yà á. Ní ìsọ̀ karùn-ún, wọ́n ní 0.55 ni páànù náà. Ó yọ irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń wọn bí páànù ṣe nípọn nínú àpò ṣòkòtò, ó fi há etí rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ìwọ ọmọ yìí, 0.45 lò ń kó fún mi." Ó ní kí wọ́n tẹ́ òmíràn sílẹ̀, ó fi tépù wọ̀n ọ́n, ó fi ìka gbá a. Wọ́n ní kó san owó kí àwọn lè máa kó o sí ọkọ̀. Ó ní láéláé: ó dìgbà tí páànù bá dé Àkóbọ̀, tí òun bá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí náírà tó jáde. Gbogbo ohun tí òfin 2007 ń bẹ ìjọba kó ṣe ló ṣe níbẹ̀ láàárín wákàtí kan, láìsí sítọ́ọ̀, láìsí ọ́díìtọ̀.

Ariwo ìdúnàádúrà yìí ló mú ọ̀gá ìsọ̀ jáde. Ó dá a mọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó wo páànù tó wà nílẹ̀, ó wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alàgbà. Ṣé ti káńsù ni, àbí tiyín?"

"Tèmi ni."

"Háà! Ìwọ, kó èyí padà kíá. Lọ gbé tinú yàrá wá."