Old GRA Ti Mọ Jìnnà-Sí-Mi Kí Kòrónà Tó Dé

Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020 pé Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn, tí wọ́n sì ní kí kálukú máa takété síra, ẹ̀rín ló yẹ kí àdúgbò Old GRA ní Port Harcourt rín. Mítà kan àbí méjì? Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní jíjìnnà? Àwọn òyìnbó amúnisìn tó dá irú àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GRA bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, 440 yáàdì ni òfin wọn ní kó wà láàárín ilé òyìnbó àti ilé aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa ni yóò kó ibà wá bá àwọn. Ó yẹ kó ti rẹ ẹ̀fọn kó tó fò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ alásè àti afọṣọ ń sùn sí bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìnkùlé. Ó jọ pé ẹ̀fọn tibẹ̀ ti gba ìwé àṣẹ.

Àwọn ará bọ́ìsì kọ́tà yìí gan-an ló kọ́kọ́ ń jókòó sílé ṣiṣẹ́. Ilé ni wọ́n ń jí sí, ilé ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó ń sú wọn. Àfìgbà tí Nyesom Wike, gómìnà ìpínlẹ̀ Rivers nígbà náà, ti Port Harcourt àti Obio/Akpor pa ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2020, tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà ní pálọ̀, lọ̀rọ̀ di ńlá. Ẹ̀yìn ń dun ọ̀gá. Wọ́n ní kó máa dìde lóòrèkóòrè, kó na ẹsẹ̀. Afọṣọ tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ látàárọ̀ ló gbé omi tútù lọ fún un.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé ló wá le jù. Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú ti ń rọ̀ lé ìlú yìí lórí, púpọ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì nínú igbó, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kpo fire. Ẹ fi aṣọ funfun nu tábìlì láàárọ̀, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìmọ̀ràn ìgbà náà ni pé ká ti fèrèsé, ká lo ìbòmú. Kòrónà dé, wọ́n ní ká ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. Atẹ́gùn wo? Bí ọ̀gá bá ṣí i, èéfín á wọlé wá bá wọn ṣèpàdé lórí Zoom. Bó bá tì í, ó di ẹ̀rọ amúlétutù. NEPA á mú iná lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, èéfín tiẹ̀ náà á sì lọ bá ti ìta. Mẹ́gáàdì tó ń yẹ iwájú orí àlejò wò lẹ́nu géètì ní tiẹ̀ béèrè pé: "Ọ̀gá, ìbòmú tòní, ṣé ti Kòrónà ni kí n lò ni, àbí ti èéfín?"

Èéfín kò mọ 440 yáàdì. Ó ń bà lé Diobu àwọn mẹ̀kúnnù, ó ń bà lé òrùlé Ilé Ìjọba ní Old GRA.

Ẹ má sì sọ pé ìjọba ò yára o. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún yẹn, kátapílà ti dé ìjọba ìbílẹ̀ Eleme, ó ti wó hòtẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n ní ó rú òfin Kòrónà. Gómìnà fúnra rẹ̀ ló dúró tì í. Kpo fire ńkọ́? Oṣù kìíní ọdún 2022 ni gómìnà tó gbógun ti àwọn tó ń ṣe é, lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí èéfín ti ń rọ̀. Bóyá hòtẹ́ẹ̀lì ló rọrùn láti rí, ó kúkú ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà.