Alága Ètò Wọ Abẹ́ Òkun

Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Houston tí kò ní Alága Ètò. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn án, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́ nípò. Òun ló mọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbani láyè títí di agogo méjì òru. Òun ló mọ ìyá tó ń se ọ̀fadà lágbègbè Bissonnet, òun náà ló sì mọ iye tí ìyá náà yóò gbà bí wọ́n bá yọ owó ẹran kúrò. Bí ìnáwó bá ku oṣù mẹ́fà, ó ti pín kúlà, ó ti dá iye aṣọ ẹbí, ó sì ti ń dárúkọ àwọn tí kò tíì san owó lórí WhatsApp. Ọdún ń gorí ọdún, ètò ń yọrí, títí ó fi wọ̀ ọ́ lára pé ohun tí èèyàn bá ti ṣètò, èèyàn ti ṣe é tán.

Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì ń pé àádọ́ta ọdún, wọ́n ní gbọ̀ngàn ti sú àwọn. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni wọ́n fẹ́ wọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbéra ní Galveston, tí kò ju ìrìn wákàtí kan sí Houston, tó ń lọ sí Cozumel ní Mẹ́síkò. Ìyẹn ì bá tó. Ṣùgbọ́n Alága wo fídíò kan lóru ọjọ́ kan, ó rí ẹja aláwọ̀ mèremère tó ń gba iwájú ẹnì kan kọjá lábẹ́ omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kọ ọ́ sórí WhatsApp pé gbogbo wọn, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ń lọ mòòkùn. Nínú àwọn mẹ́jọ yìí, àwọn méjì ló mọ̀ ọ́n wẹ̀. Alága kò sí lára àwọn méjì.

Ẹ má rò pé kò wádìí. Ìwádìí ni iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń tọ́ àwọn ẹlòmíì sọ́nà. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gba káàdì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ PADI, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ mímòòkùn, yóò kẹ́kọ̀ọ́, yóò ṣe ìdánrawò nínú adágún ìwẹ̀, yóò sì mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú omi gbalasa, ó kéré tán fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni yóò lè lọ sí mítà 18. Ó mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ṣe nílé: kí wọ́n kọ́ ọ ní Houston, kí wọ́n parí rẹ̀ sí Blue Lagoon ní Huntsville, kí káàdì ti wà lápò kí ọkọ̀ tó fun fèrè. Ó kà á, ó lóye rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀, nítorí pé Sátidé ni wọ́n ń kọ́ ọ, ìnáwó ló sì ni Sátidé.

Èyí tó kù fún ẹni tó ní ọjọ́ kan péré ní èbúté ni èyí tí wọ́n ń pè ní Discover Scuba Diving. Wọn yóò kọ́ ọ díẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó dán an wò níbi tí omi kò ti jìn, olùkọ́ yóò wá mú ọ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ẹ kò sì ní kọjá mítà 12. Kò sí káàdì nínú rẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni àádọ́ta ọdún tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìsàlẹ̀ òkun ṣe ohun tó dáa. Ṣùgbọ́n ohun tí Alága kọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ni pé, "Ẹ̀yin ará, wọ́n máa fún wa ní certificate."

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ fúnra rẹ̀ a máa ta irú ìrìn bẹ́ẹ̀ fún èrò inú rẹ̀. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn tó bá ọkọ̀ ṣètò bá pẹ́ dé, ọkọ̀ yóò dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá dá tirẹ̀ ṣe, tó sì pẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò máa wò láti èbúté. Alága mọ èyí pẹ̀lú. Àmọ́ kò ra nǹkan ní iye tí wọ́n dá lé e rí láyé rẹ̀. Ó kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Cozumel: àwọn mẹ́jọ ń bọ̀, èló ni wọn yóò yọ? Wọ́n yọ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi èènì sí i. Wọ́n ní èènì báwo? Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ omi. Wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ló ń pín àsìkò, pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ a sì máa yára mí tirẹ̀ tán. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì kí wọ́n lè pè é padà. Ọgbọ́n ọjà Gbági nìyẹn. Wọn ò pè é. Ó tún kọ̀wé: bí ìṣẹ́jú kò bá ṣeé fi kún un, kí wọ́n fi mítà kún un. Wọ́n ní 12, kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ 15.

Mo fẹ́ràn lẹ́tà yẹn púpọ̀. Láti ìgbà tí Cousteau àti Gagnan ti ṣe ẹ̀rọ ìmí abẹ́ omi wọn ní 1943, mi ò rò pé ẹnì kan ti ná ìjìnlẹ̀ òkun rí. Ní mítà 10, ohun tó ń tẹ ara èèyàn ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀, kò sì sí oníbàárà pàtàkì tí wọ́n ń yọ ọ́ fún.

Ti fọ́ọ̀mù ìlera ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè bóyá èèyàn ti ju ẹni ọdún 45 lọ, bó bá sì ti jù ú lọ, bóyá ó ń fa sìgá, bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń béèrè nípa ikọ́ fée, nípa àìsàn ọkàn, nípa iṣẹ́ abẹ etí. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí irú ìwọ̀nyí, dókítà ní láti buwọ́ lù ú kí wọ́n tó jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan omi. Dókítà ilé ni, ní Houston, kí ìrìn àjò tó yá. Èbúté kọ́ ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá dókítà kiri. Alága ka ìbéèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù," ó sì mú rárá.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òótọ́ fún wọn."

"Ìgbàgbọ́ ni mo fi ń kọ ọ́."

"Ẹni tó ni fọ́ọ̀mù ò béèrè ìgbàgbọ́ yín, sà. BP ló béèrè."

Bó ṣe mú rárá láti òkè dé ìsàlẹ̀ nìyẹn, tó sì gba àwọn yòókù nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fi ẹnu ara wọn pe àìsàn. Arábìnrin kan ṣoṣo ló kọ̀, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ní ikọ́ fée. Wọ́n ní kó má wọ omi. Títí di òní, Alága ń sọ pé àìnígbàgbọ́ ló mú un jókòó sétí òkun.

Aṣọ ẹbí ńkọ́? Ó wà. Fáànẹ́lì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tẹ 50 sí láyà, tí aṣọ rọ́bà bò mọ́lẹ̀ nígbà tí ó tó àkókò àtiya fọ́tò. Ó ti ra ìbọ̀wọ́, ó ti ra ọ̀bẹ tí wọ́n ń so mọ́ ojúgun nítorí ekurá, àfi bó ṣe dé ibẹ̀ tí wọ́n ní kó fi méjèèjì sílẹ̀. Láti 1996 ni Mẹ́síkò ti sọ àwọn òkìtì iyùn Cozumel di ọgbà ìpamọ́, wọn kì í sì í gba ìbọ̀wọ́ àti ọ̀bẹ láyè níbẹ̀, kí àlejò má baà máa di ohun abẹ̀mí mú bí ìrìn bá yẹ̀ ẹ́. Alága tún bi wọ́n bóyá òun lè fi iyùn oyè òun sọ́rùn lọ wo iyùn. Wọ́n ní kó fi yẹn náà sílẹ̀.

Oṣù kejì ni wọ́n gúnlẹ̀. Láti 2015 ni ìpínlẹ̀ Quintana Roo, tí Cozumel wà nínú rẹ̀, ti ń lo aago tirẹ̀, nítorí náà, nígbà òtútù, wákàtí kan ni wọ́n fi ṣáájú Texas. Aago Galveston ni wọ́n ń lò nínú ọkọ̀. Alága tó jẹ́ pé agogo márùn-ún ló ń ṣí ayẹyẹ agogo méjì, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde kí àkókò tó tó. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbìyànjú àtitètè dé, ó pẹ́. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ́mọbìnrin kékeré kan ló ń dúró dè wọ́n. Alága wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó béèrè pé ọ̀gá dà. Òun ni ọ̀gá.

Mẹ́ta nínú wọn kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí ọtí òru àná. Àwọn tó kù wọ aṣọ rọ́bà. Ti Alága fún un bí ẹ̀kọ inú ewé. Ọmọbìnrin náà sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe sé èémí láé, nítorí afẹ́fẹ́ tí èèyàn sé sínú ní mítà 10 yóò di ìlọ́po méjì kó tó dé òkè, ẹ̀dọ̀fóró kò sì gba ìlọ́po méjì. Ó ní kí wọ́n di imú mú, kí wọ́n fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ kí etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Ó kọ́ wọn ní àmì ọwọ́: bí ara bá le, kí wọ́n fi àtàǹpàkò kan ìka ìfábẹ̀lá kó ṣe òbíríkítí, bí èèyàn bá na àtàǹpàkò sókè, ó ń wí pé òun fẹ́ gòkè. Alága ń mi orí. Ó ti rí gbogbo rẹ̀ nínú fídíò.

Mítà mẹ́ta ni wọ́n dé. Irunmú tí kò gbà kí wọ́n fá ń jẹ́ kí omi yọ́ wọnú awò rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi àmì béèrè bóyá ó wà dáadáa. Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún na àtàǹpàkò sí alásè láti òpin gbọ̀ngàn, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Ó nà án. Ọmọbìnrin náà gbé e gòkè. Alága yọ ohun ẹnu rẹ̀, ó bínú: "Kí ló dé? Mo ní mo wà dáadáa!" Wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀. Ó tún nà án. Wọ́n tún gòkè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká àtàǹpàkò Alága kò, ó dì í mú, wọ́n sì lọ.

Mítà mẹ́fà ni wọ́n wà títí afẹ́fẹ́ fi lọ sílẹ̀. Ẹja kan ń gé iyùn jẹ níwájú wọn, èèyàn sì ń gbọ́ bó ṣe ń rún un wómúwómú. Omi ìhín máa ń ṣàn, kò pọn dandan kí èèyàn ta ẹsẹ̀ púpọ̀; òkìtì iyùn ló dà bíi pé ó ń rìn kọjá. Fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn Alága, kò sì sẹ́ni tó san owó fún un. Àwọn tó bá a lọ ní ojú rẹ̀ yí padà.

Lọ́sàn-án, ó ti yí aago rẹ̀ sí ti Cozumel, ó wá lé gbogbo wọn kúrò nídìí ẹja díndín, wọ́n sáré padà sọ́kọ̀, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ wákàtí kan ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀rẹ́ wọn tó wá láti London ní ọkọ̀ òfuurufú tó máa wọ̀ padà. Ẹni tó bá mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ní láti dúró tó wákàtí 12 kó tó fò. Ọjọ́ kan gbáko tí ọkọ̀ lò lórí òkun kó tó dé Galveston yanjú ìyẹn fún un. Ohun kan ṣoṣo tó bọ́ sí i láìsí wàhálà nìyẹn, Alága kọ́ ló sì ṣètò rẹ̀.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, mítà mẹ́fà ti di 12. Kí wọ́n tó rí iná Galveston, ó ti di 18. Ní ìsọmọlórúkọ kan ní Bissonnet lóṣù tó tẹ̀ lé e, 30 ni, ekurá sì ti wà níbẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ kan, ọmọ tó ń wẹ̀ fún ilé ìwé rẹ̀, béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wá mọ̀ ọ́n wẹ̀ báyìí?"

Alága na àtàǹpàkò sí alásè pé kó gbé ìrẹsì wá. "Ìyẹn ti wọ ètò," ó ní. "Mo ti rí ẹni tó máa kọ́ wa. Bí a bá pé mẹ́wàá, ó máa yọ ọ̀fẹ́ ẹnì kan fún wa."